Ẹ gbà mí níyànjú: a fẹ́ lọ wo gòrílà nínú igbó, Uganda ni àbí Rwanda?

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Daddy àwọn ìbejì máa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ sì ti ní àwọn fẹ́ dá owó jọ kí àwa méjèèjì lè lọ gbafẹ́ níbì kan. Daddy ò fẹ́ Dubai, wọn ò fẹ́ etíkun, wọn ò fẹ́ ilé ìtajà kankan. Ohun tí wọ́n ti ń sọ látìgbà tá a ti fẹ́ra ni pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí gòrílà nínú igbó tí Ọlọ́run dá a sí, kó máa jẹun ẹ̀, kó má sí irin kankan láàárín. Mo ti ń kà nípa ẹ̀, wọ́n ní Uganda àti Rwanda ni wọ́n ti ń ṣe é, pé ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn wọnú igbó kìjikìji kó tó bá wọn.

Ìbéèrè mi ni pé èwo ló dáa nínú méjèèjì, èló ni ká máa wá, ṣé ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí orúnkún ń dùn lè rìn ín? Àbíkẹ́yìn wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 náà ń sunkún pé òun máa tẹ̀ lé wa. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé tí èèyàn bá ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà wọ́n á dá a padà, ṣé òótọ́ ni? Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, àti ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹranko. Ẹ ṣeun.

Ọmọ_Òkèàrẹ́
Mọ̀ọ́mì ẹ kú orí ire, Ọlọ́run á jẹ́ kí Daddy fẹ̀yìn tì sí àlàáfíà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi o, àmọ́ ó ń dùn mí pé owó wa tún fẹ́ bá ẹsẹ̀ jáde. Ṣebí gòrílà wà ní Cross River níbí? Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Kí ló wá dé tá a fi máa wọ báálù kọjá Kamẹrúùnù lọ wo ohun tó wà nílé wa, ká tún lọ ka dọ́là fún wọn? Ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ kó ṣàlàyé fún mi, mo fẹ́ mọ̀ ni.

Arìnjìnnà_Challenge
Ẹ kú ilé ma. Mo ti dé Uganda àti Rwanda méjèèjì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Gòrílà tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ni gòrílà orí òkè, kò sì sí níbòmíì láyé yìí àfi níbi méjì: igbó Bwindi ní Uganda, àti àwọn òkè Virunga tí Rwanda, Uganda àti Kóńgò jọ pín láàárín ara wọn. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú zoo. Èyí tí wọ́n kà kẹ́yìn, gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 1,063. Ní Virunga nìkan, bíi 250 péré ló ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1981, ó ti lé ní 600 báyìí, owó táwọn àlejò ń san sì wà lára ohun tó gbà wọ́n là. Òun ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn rénjà tó ń ṣọ́ igbó, tí díẹ̀ nínú ẹ̀ sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn abúlé tó yí igbó ká. Torí ẹ̀, bọ̀dá Ọmọ_Òkèàrẹ́, owó yẹn ò sọnù.

Pámíìtì Uganda, ìyẹn ìwé àṣẹ láti lọ wo gòrílà, jẹ́ 800 dọ́là fún àlejò láti July 2024, ẹnì kọ̀ọ̀kan o. Ti Rwanda jẹ́ 1,500 dọ́là láti 2017, àmọ́ méjèèjì ló ní ẹ̀dínwó fún ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ béèrè lọ́wọ́ UWA, àjọ tó ń bójú tó o ní Uganda, tàbí RDB, àjọ ti Rwanda, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Kò kan òtẹ́ẹ̀lì, kò kan mọ́tò, kò kan báálù. Wákàtí kan lówó yẹn wà fún, wákàtí ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá rí wọn, kì í ṣe látìgbà tẹ́ ẹ bá gbéra. Èèyàn mẹ́jọ péré ni wọ́n ń mú lọ bá ìdílé gòrílà kan lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá ti lọ, ó di ọ̀la kí ẹlòmíì tó tún débẹ̀, ìdí nìyẹn tí pámíìtì fi máa ń tètè tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, June sí August àti December sí February. Torí náà, pámíìtì lẹ ó kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì báálù. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán kí wọ́n tó gbọ́ pé kò sí àyè mọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Tó bá jẹ́ èmi, Uganda ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ. Rwanda dáa gan-an fún ẹni tí ò láyè, látì Kigali dé Kinigi tí wọ́n ti ń wọgbó ò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ lórí títì tó dán. Àmọ́ ní Uganda ẹ lè kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: ẹ kọ́kọ́ lọ sí igbó Kibale lọ wo ṣimpansí, ẹ gba ọgbà ẹranko Queen Elizabeth wọlé, níbi tí kìnnìún ti ń gun igi ọ̀pọ̀tọ́ ní apá Ishasha, ẹ wá parí ẹ̀ sí Bwindi. Ìrìn àjò gidi nìyẹn, kì í ṣe wákàtí kan péré.

Ti àbíkẹ́yìn yín, kò ṣeé ṣe ma. Ọdún 15 ni wọ́n fi gé e, wọ́n sì ń wo pásípọ́ọ̀tù. Ti ikọ́, òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ṣàlàyé.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ah, ẹ ṣeun gan-an, bọ̀dá Arìnjìnnà. 800 dọ́là fún wákàtí kan! Mo pe Daddy kí wọ́n wá kà á, wọ́n ní kí n má wo iye ẹ̀, pé tó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú náà àwọn á san án. Ó ku orúnkún.

Físíò_Jẹ́ríkò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Iṣẹ́ orúnkún ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ n dá sí i.

Ẹ ò ní ìṣòro tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé gígun òkè kọ́ ló ń pa orúnkún, sísọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń gùn, mímí ló máa le, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ló ń gba gbogbo ẹrù ara, pàápàá tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ilẹ̀ Bwindi sì ń yọ̀ torí òjò kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ lo ọ̀pá ìtìlẹ̀, ẹ má rò pé ti arúgbó ni, wọ́n máa ń fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà igbó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má sáré, ẹ kàn máa rìn débi tí ẹ ó fi làágùn. Àwa ará Ìbàdàn lórí ire, orí òkè la kọ́ ìlú wa lé. Ẹ gun Mápó, ẹ gun Òkè Àrẹ lọ síbi Bower's Tower, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi orúnkún rọ̀ díẹ̀, ẹ má nà án gbọnrangandan. Tó bá ku bíi oṣù kan àbọ̀, ẹ lọ sí Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, tẹ́ ẹ bá gùn ún tẹ́ ẹ sì sọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé orúnkún wú lọ́jọ́ kejì, ọkàn mi balẹ̀. Tó bá wú, ẹ wá rí dókítà kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Bùútù náà, ẹ má lọ fi tuntun wọgbó. Ẹ wọ̀ ọ́ nílé, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, kó mọ ẹsẹ̀ yín. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kúrú kẹ́ ẹ tó gbéra torí nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, gbogbo ọmọ ìka ló máa ti orí bùútù.

Arìnjìnnà_Challenge
Físíò sọ òótọ́ pọ́nńbélé. Ẹ jẹ́ n fi kún un pé àwọn ọ̀dọ́ abúlé wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa bá yín gbé báàgì, wọ́n á fà yín níbi tó ga, wọ́n á tì yín lẹ́yìn níbi tó ń yọ̀. Ẹ gbà wọ́n, kódà tí báàgì yín ò bá wúwo. Òun ni ọ̀nà tówó yín fi ń dé ọwọ́ ará abúlé tààrà lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdẹ tó ń dẹ igbó yẹn tẹ́lẹ̀. Ní Bwindi tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ pátápátá, àwọn géńdé wà tó lè gbé èèyàn lórí àga wọnú igbó, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń ra pámíìtì, ẹ ní kí éjẹ́ǹtì bá yín béèrè ìdílé tí kì í jìnnà púpọ̀, torí apá mẹ́rin ni wọ́n ti ń wọlé, Buhoma, Ruhija, Rushaga, Nkuringo, Nkuringo yẹn ló le jù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ṣá. Gòrílà ń rìn, ibi tí wọ́n bá sùn sí lánàá ni àwọn tó ń tọpa wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, ó lè jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ máa fi bá wọn, ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́fà.

Akẹ́kọ̀ọ́Igbó_UI
Mo fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Òkèàrẹ́ lóhùn torí ìbéèrè yẹn dáa, kò yẹ ká fò ó.

Òótọ́ ni, gòrílà wà ní Nàìjíríà. Gòrílà Cross River ni wọ́n ń pè é, ààlà àwa àti Kamẹrúùnù ló ń gbé, ní òkè Afi, òkè Mbe, àti apá Okwangwo nínú Cross River National Park. Gbogbo wọn lápapọ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, kò tó 300. Òun ni gòrílà tó ṣọ̀wọ́n jù láyé. Ní 2020, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ní òkè Mbe yà wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun lẹ́yìn, mo rántí bí inú wa ṣe dùn tó lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ẹ ò lè lọ wò wọ́n, ìdí ẹ̀ sì nìyí. Gòrílà tẹ́ ẹ rí ní Bwindi tí ò sá, kì í ṣe pé kò bẹ̀rù èèyàn tẹ́lẹ̀. Àwọn rénjà ló ń lọ bá ìdílé kan lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ o, fún bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ara fi tù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá wá ṣe ìyẹn fún gòrílà tiwa, tó dẹ́kun sísá fún èèyàn, tí ọdẹ onígbó sì tún wà níbẹ̀ tó ń gbé ìbọn àti tàkúté káàkiri, ẹ ti fà á lé ọdẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rù tó ní ló jẹ́ kó ṣì wà láyé. Ìgbà tá a bá ti kápá àwọn ọdẹ, tí rénjà pọ̀ tó, tówó wọn sì ń bọ́ sí àsìkò, ká tó máa sọ̀rọ̀ àlejò. Inú ń bí mi pé a ò tíì débẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ síta torí pé ó yẹ kí ìjọba gbọ́.

Ti ikọ́ tẹ́ ẹ béèrè mọ̀ọ́mì, ara gòrílà àti ara wa sún mọ́ra débi pé ọ̀fìnkìn wa ń ràn wọ́n, ara wọn ò sì mọ bó ṣe máa bá a jà. Ohun tí èèyàn máa fi àgbo àti ìsinmi wò sàn lè gbẹ̀mí ọmọ gòrílà, kó sì tàn ká gbogbo ìdílé. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kẹ́ ẹ jìnnà tó mítà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ bo imú, kẹ́ ẹ má jẹun níwájú wọn, kẹ́ ẹ má tutọ́, tí ìgbẹ́ bá sì gbọ̀n yín, wọ́n máa gbẹ́lẹ̀ jìn kí wọ́n tó bò ó. Tí ara yín ò bá yá lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fẹnu ara yín sọ, ẹ má lo oògùn ikọ́ láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn tó ń gbéra wọn lárugẹ pé àwọn ṣe é. Kò dáa rárá.

Ọmọ_Òkèàrẹ́
Àbúrò, o ṣe é gan-an. N ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá mi máa ń sọ ìtàn Aruna àti Imade fún wa, gòrílà méjì tó wà ní zoo UI láyé ọjọ́un, gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ wọ́n, wọ́n ní Sọ́ńdè èrò máa ń kún bámúbámú nítorí wọn. Ó jọ pé òun náà ni Daddy ìbejì ń rántí. Ibo la wá lè lọ nílé wa níbí tá a máa rí nǹkan láìpa wọ́n lára?

Akẹ́kọ̀ọ́Igbó_UI
Ó pọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látì IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, igbó ibẹ̀ lé ní héktà 350, ọ̀bọ wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, Ibadan malimbe, àwọn èèyàn ń wá látòkè òkun torí ẹyẹ kan yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jìnnà díẹ̀, igbó Ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ṣimpansí náà. Igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì náà ní ṣimpansí. Àmọ́ gbogbo ṣimpansí apá ibí ń sá fún èèyàn, ohùn wọn lẹ máa gbọ́, tàbí kẹ́ ẹ rí ibùsùn tí wọ́n fi ewé ṣe sórí igi. Igbó Okomu ní Ẹdó rọrùn jù, ó súnmọ́ Benin, ọ̀bọ ọlọ́fun funfun kan wà níbẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Tẹ́ ẹ bá sì dé Afi ní Cross River, àwọn Drill Ranch ń tọ́jú ọ̀bọ drill tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ lè rí wọn gbangba.

Táíwò_Agbowó
Ẹ jọ̀ọ́ kí n dá sí i. Mọ̀ọ́mì, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ jẹ́ ìyá ìbejì, ẹ má jẹ́ kí igbó Nyungwe fò yín dá o. Rwanda ló wà, apá gúúsù, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2023. Afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi wà níbẹ̀, ẹ máa wo orí igi látòkè. Àmọ́ ohun tó gbé mi lọ ni ẹdun. Ẹdun dúdú tó ní irun funfun ní èjìká, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló ń rìn pọ̀ nínú agbo kan ṣoṣo. Ilé ìbejì ni wọ́n bí mi sí, a kì í pa ẹdun, a kì í jẹ ẹ́, látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá àgbà ti ń kì mí, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré lórí igi, n ò sì tíì rí ẹdun rí láyé mi. Ìgbà tí mo rí wọn tí wọ́n ń fò láti igi kan sí èkejì, tí ọmọ wọn funfun báláú di mọ́ ìyá níkùn, mo pariwo oríkì yẹn sókè, gáìdì ní kí n rọra. Èmi àti Kẹ́hìndé ti pinnu pé a jọ máa padà lọ.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Táíwò ọmọ mi, orí mi wú! Màá sọ fún wọn nílé.

Bọ̀dá Arìnjìnnà, ẹ ṣì jẹ wá ní gbèsè o. Báwo ló ṣe rí gan-an nígbà tẹ́ ẹ rí wọn?

Arìnjìnnà_Challenge
Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ṣimpansí torí ó yàtọ̀ pátápátá. Ní Kibale, ìbùdó Kanyanchu la ti wọlé, pámíìtì ẹ̀ jẹ́ 250 dọ́là. Igbó ibẹ̀ tẹ́jú díẹ̀ sí ti Bwindi, àmọ́ ṣimpansí kì í jókòó dè ẹ́. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ariwo, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ wúù wúù díẹ̀díẹ̀, á máa ga sí i, òmíràn á gbà á, kó tó ṣẹ́jú gbogbo igbó á ti dàrú, ọ̀kan á wá máa fi ẹsẹ̀ lu ìdí igi ńlá bí ẹni ń lu gbẹ̀du. Gáìdì á ní ẹ sáré. Ẹ máa sáré nínú gbòǹgbò. Èyí tó ga jù nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí igi ọ̀pọ̀tọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, kò wo ẹnì kankan lójú, ó ń lọ síbi tó ń lọ.

Ti gòrílà, ìparọ́rọ́ ni. Wọ́n ní ká fi báàgì àti ọ̀pá sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa gbé ẹrù, ká bo imú. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, òórùn òógùn àti ewé tútù, kí n tó rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni gáìdì fi àdá yẹ ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, akọ ńlá náà ló jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun látì èjìká dé ìbàdí. Ó ń jẹ igi ewé kan. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń jẹ ẹ́ torí mi ò lè gbàgbé: ó fa igi ewé náà tu, ó fi eyín gé ìdí ẹ̀, ó wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là bó èèpo ẹ̀ dànù tínrín-tínrín, inú rẹ̀ tó funfun tó lómi ló ń jẹ, ó ń wo ohun tó ń bó. Èékánná ẹ̀ dúdú, ó kúrú bíi ti èèyàn, àpá kan wà lórí ìka kan. Gáìdì ń ṣe mmm, mmm lọ́nà ọ̀fun, akọ náà dá a lóhùn, wọ́n ní ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí ìjà. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń gun ìtàkùn, ọ̀kan jábọ́, ó dìde, ó fi ọwọ́ lu àyà ẹ̀ sí wa.

Tí akọ bá sáré bọ̀, ẹ má sá. Ẹ lóṣòó, ẹ wo ilẹ̀. Gáìdì máa tún un sọ fún yín ní òwúrọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ torí ìjàlọ. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ oko, torí èsìsì pọ̀, ẹ ó sì máa di igi mú kẹ́ ẹ má baà ṣubú. Kóòtù òjò. Súwẹ́tà náà, òtútù òwúrọ̀ orí òkè yẹn kì í ṣe ti Ìbàdàn.

Ọmọ_Ìyágànkú
Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Àwọn Batwa ló ń gbé inú Bwindi kí ó tó di national park ní 1991. Ọdẹ ni wọ́n, oyin ni wọ́n ń fà, igbó yẹn ni ilé wọn, wọ́n lé wọn jáde láìfún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilẹ̀. Títí dòní wọ́n ṣì ń bá ìyà yí. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ mọ̀ọ́mì, mo kàn ń sọ pé kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, torí tí wọ́n bá ń ka iye gòrílà tó pọ̀ sí i fún yín, ẹnì kan ló san gbèsè ẹ̀.

Arìnjìnnà_Challenge
Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Àwọn Batwa kan wà ní Buhoma àti ní Mgahinga, apá Virunga tó wà ní Uganda, tí wọ́n ń mú àlejò rìn nínú igbó fún ara wọn, tí wọ́n ń fi ewé oògùn àti bí wọ́n ṣe ń dáná hàn. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn gan-an bóyá ọwọ́ tiwọn lowó ń dé, ẹ má gba ẹnu éjẹ́ǹtì nìkan. Àwọn kan ń kó àlejò lọ wò wọ́n pé kí wọ́n jó fún wákàtí kan, kí wọ́n sì fún wọn ní tọ́rọ́ kọ́bọ̀. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn.

Onípákọ̀_Sángo
Ẹ ṣọ́ra fún éjẹ́ǹtì o! Ẹnì kan nílùú yìí gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún pámíìtì Rwanda, gbogbo ìgbà tá a bá ní kó fi pámíìtì hàn wá, á ní ó ń bọ̀. Kò sí pámíìtì kankan. Oṣù kẹta la tó rí ìdajì owó gbà padà. Pámíìtì gidi máa ń ní orúkọ yín àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín lára àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọgbó. Tí kò bá sí èyí, ẹ má fi owó yòókù ránṣẹ́.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ẹ ṣeun o, kí Ọlọ́run gbà owó yín tó kù padà. Àbíkẹ́yìn wa ti gbà láti dúró tì ìyá mi, a ti ṣèlérí Okomu fún un nígbà ìsinmi ilé ìwé.

A ti pinnu: Uganda, oṣù July. Kibale, Queen Elizabeth, Bwindi. Nyungwe náà tówó bá tó. Ìbéèrè tó kù mi ò ju físà, abẹ́rẹ́ àti ọ̀nà tá a máa gbà lọ.

Arìnjìnnà_Challenge
Ẹ wọ RwandAir látì Èkó sí Kigali ma. Rwanda ò gba físà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà mọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù. Látibẹ̀ ẹ lè fi mọ́tò kọjá ààlà Katuna tàbí Cyanika bọ́ sí Uganda, apá Rushaga ní Bwindi ò jìnnà sí Cyanika rárá, ó yá ju kẹ́ ẹ balẹ̀ sí Entebbe kẹ́ ẹ sì fi odindi ọjọ́ kan jókòó sínú mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀, ẹ yí i po, Bwindi ni kó ṣáájú, Kibale kó gbẹ̀yìn, ẹ wá wọ báálù padà látì Entebbe. Físà Uganda, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, 50 dọ́là, ẹ má fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pọ́njú ṣe pàtàkì, láìsí yellow card, ìwé tó fi hàn pé ẹ ti gbà á, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ Uganda. Ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti gbà á kẹ́ ẹ tó dé ààlà, tẹ́ ẹ bá sì ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ti gbogbo ayé yín ni. Ẹ rí i pé èyí tuntun tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ní, Port Health, àwọn elétò ìlera ibodè, ló ń bójú tó o. Oògùn ibà tiwa náà, ẹ bi dókítà. Dọ́là tẹ́ ẹ bá mú, kó jẹ́ tuntun tí ò ya, tí wọn ò kọ nǹkan sí lára, wọ́n máa ń kọ èyí tó ti gbó. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán láti ra pámíìtì, ẹ kọ sí mi níbí, màá wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ pẹ̀lú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Físíò_Jẹ́ríkò
July! Ó ti yá. Sátidé yìí, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, àwa kan máa ń gun Òkè Àrẹ. Kí ẹ̀yin àti Daddy wá, ẹ mú omi dání.